Yìnyín Ìpẹ̀kun Ayé Kan Ará Rẹ́mọ Pẹ̀lú

Nínú kòtò gbàǹgbà tí wọ́n ti ń wa òkúta sìmẹ́ńtì ní Ṣágámù, ìkarahun ẹ̀dá inú omi ló kún inú òkúta. Ti ìṣáwùrú wà níbẹ̀, ti akàn náà sì wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó kó wọn dà síbẹ̀. Ní nǹkan bí ọgọ́ta mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, òkun ló wà níbi tí Ṣágámù wà lónìí, ẹrẹ̀ àti ìkarahun tó rọ̀ sí ìsàlẹ̀ òkun náà ló sì di òkúta. Òkúta yìí ni ilé-iṣẹ́ West African Portland Cement tọ̀ dé Ewékorò lọ́dún 1960, òun náà ló sì mú un kọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn sí Ṣágámù lọ́dún 1978. Ọ̀pọ̀ ilé ní Rẹ́mọ, ìsàlẹ̀ òkun àtijọ́ ni wọ́n fi mọ ọ́n.

Nígbà tí òkun yẹn wà ní Ṣágámù, igbó ló wà ní Antákítíkà, ilẹ̀ tó wà ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé. Kò sí òkìtì yìnyín níbẹ̀ rárá. Nǹkan bí mílíọ̀nù 34 ọdún sẹ́yìn ni yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bo ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Yìnyín nìkan kọ́ ló lé òkun kúrò ní Rẹ́mọ o, nítorí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ dìde, àwọn odò sì ń ru iyanrìn wá títí tí etíkun fi sún síwájú. Síbẹ̀, omi tó bá ti di yìnyín lórí ilẹ̀ kò sí nínú òkun mọ́, ìgbà tó bá sì yọ́, inú òkun náà ló ń padà sí. Ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, tí yìnyín bo apá àríwá Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, òkun fi bí mítà 120 lọ sílẹ̀ ju bó ṣe wà lónìí lọ.

Èrò ìwé ìròyìn yìí ni pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń rìnrìn àjò lọ wo òjò dídì àti yìnyín ní ìpẹ̀kun ayé kì í ṣe ìtàn òyìnbó tí a ń gbọ́ fún ìgbádùn lásán. Ó kan ẹni tó kọ́ ilé sí Lẹ́kí, ó kan apẹja ní Ìlàjẹ, ó sì kan ará Ìkẹ́nnẹ́ tí kò rí òkun rí. Ó yẹ kí Nàìjíríà wà láàárín àwọn tó ń wò ó, kí ó má kàn jẹ́ ẹni tí wọ́n ń ròyìn fún.

Kí a kọ́kọ́ mọ bí ibẹ̀ ṣe tó. Antákítíkà tóbi tó Nàìjíríà 15. Yìnyín tó bò ó nípọn tó nǹkan bí kìlómítà méjì tí a bá pín in dọ́gba. Bí gbogbo rẹ̀ bá yọ́, òkun yóò fi bí mítà 58 ga sí i káàkiri ayé, ti Greenland yóò sì fi bí mítà 7 lé e. Kò sí onímọ̀ tó sọ pé èyí yóò ṣẹlẹ̀ lójú ẹnikẹ́ni tó wà láyé lónìí. Ohun tí wọ́n ń wá ni ìwọ̀n díẹ̀ tó lè yọ́, àti bó ṣe lè yá tó. Láàárín 1901 sí 2018, òkun fi 20 sẹ̀ǹtímítà ga sí i, eré tó sì fi ń ga ń pọ̀ sí i.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ le. Ní ibùdó Vostok, tí àwọn ará Rọ́ṣíà ń lò, òtútù dé ìwọ̀n 89.2 nísàlẹ̀ òdo ní ọjọ́ 21 oṣù Keje ọdún 1983. Kò tíì sí ibùdó kankan láyé tí wọ́n ti wọn òtútù tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ gbẹ́ ihò wọnú yìnyín títí tó fi jìn tó mítà 3,623 lọ́dún 1998. Kì í ṣe omi ni wọ́n ń wá nínú ihò náà, ọjọ́ orí ni. Òjò dídì ọdún yìí a máa bọ́ lé ti èṣí, ti ọdún tó ń bọ̀ á tún tẹ ti ọdún yìí mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ tutù débi pé kò sí èyí tó ń yọ́ nínú wọn. Bí wọ́n ṣe ń di yìnyín líle, afẹ́fẹ́ ìgbà kọ̀ọ̀kan a há sínú ihò tíntìntín láàárín wọn. Ẹni tó bá yọ yìnyín yẹn jáde ní gbọọrọ bí ọ̀pá, tó sì fọ́ ọ níwájú ẹ̀rọ, afẹ́fẹ́ tí ẹ̀dá ayé àtijọ́ ń mí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn.

Ọ̀pá yìnyín Vostok ka ìtàn ojú ọjọ́ 420,000 ọdún. Àwọn ará Yúróòpù tún gbẹ́ tiwọn ní ibi tí wọ́n ń pè ní Dome C, ìyẹn sì dé 800,000 ọdún. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, wọ́n kéde pé àwọn ti gbẹ́ òmíràn tó jìn ní mítà 2,800, yìnyín ibẹ̀ sì ti lé ní mílíọ̀nù kan àti 200,000 ọdún. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú wọn kò lọ́jú pọ̀. Nínú 800,000 ọdún yẹn, afẹ́fẹ́ carbon dioxide kò kọjá 300 rí nínú mílíọ̀nù kan. Lónìí ó ti lé ní 420, èéfín epo rọ̀bì, èédú àti gáàsì tí ọmọ ènìyàn ń jó ló sì fà á jù.

Ẹni tó bá rò pé aláwọ̀ funfun nìkan ló rìn dé ibẹ̀ kò gbọ́ ìtàn náà tán. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1909 ni wọ́n bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Oṣù kan gééré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin, Matthew Henson, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, wà lórí yìnyín Òkun Àríwá pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀ Robert Peary àti àwọn ọmọ Inuit mẹ́rin, Ootah, Seegloo, Egingwah àti Ooqueah. Peary kéde pé àwọn ti dé góńgó àríwá ayé. Títí di òní ni àwọn onímọ̀ ń jiyàn lórí bóyá wọ́n dé ibẹ̀ gan-an. Ohun tí kò sí iyàn nínú rẹ̀ ni pé Henson gbọ́ èdè Inuit, ó mọ bí a ti ń darí ajá tó ń fa ọkọ̀ orí yìnyín, ó sì mọ bí a ti ń tún ọkọ̀ náà ṣe. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jẹ́ pé Peary nìkan ni ìyìn náà ń bá. Ọdún 1988 ni wọ́n tó gbé òkú Henson lọ sí itẹ́ àwọn akọni ní Arlington.

Nítòsí wa níhìn-ín, Tété-Michel Kpomassie, ọmọ Tógò, rí ìwé kan nípa Greenland nílùú Lomé nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó sá kúrò nílé. Ó ń ṣiṣẹ́ kiri láti ìlú dé ìlú ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà àti ní Yúróòpù fún nǹkan bí ọdún mẹ́jọ, títí tó fi gúnlẹ̀ sí Greenland lọ́dún 1965. Ó gbé pẹ̀lú àwọn ará ibẹ̀, ó bá wọn pẹja, ó bá wọn jẹun, ó sì kọ ìwé lé e lórí, èyí tó jáde lédè Faransé lọ́dún 1981. Kpomassie kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, kò sì sí ìjọba kankan tó rán an níṣẹ́.

Ẹ̀rí pé iṣẹ́ orí yìnyín lè kan ará Rẹ́mọ ní tààrà wà nínú fíríìjì. Ní oṣù Kìíní ọdún 1956, oṣù kan náà tí Táí Ṣólàárín dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ibùdó Halley dó sí etí Antákítíkà. Lára iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa wọn ozone, ìbòrí tó wà lókè réré tó ń gbà wá lọ́wọ́ apá kan nínú ìtànṣán oòrùn tó lè bo awọ ara àti ojú jẹ́. Ọdún dé, ọdún lọ, ìwọ̀n ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Kò sí ohun tó fani mọ́ra nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìjọba ni ì bá ti ní kí wọ́n ti ibẹ̀ pa. Lọ́dún 1985, Joe Farman, Brian Gardiner àti Jonathan Shanklin tẹ èsì jáde pé ìbòrí náà ń fẹ́lẹ́ lọ́nà tó bani lẹ́rù lórí Antákítíkà nígbà tí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà yọ níbẹ̀. Gáàsì tó wà nínú fíríìjì, ẹ̀rọ amúlétutù àti agolo afínkiri nígbà náà ló ń jẹ ẹ́.

Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí Àdéhùn Montreal pé kí wọ́n dín irú gáàsì bẹ́ẹ̀ kù, wọ́n sì wá pinnu lẹ́yìn náà láti fòpin sí i. Nàìjíríà náà wọ àdéhùn yẹn lọ́dún 1988. Bí àwọn atúnfíríìjì-ṣe ní Ṣágámù àti Ìpẹru ṣe fi gáàsì R12 sílẹ̀, tí wọ́n bọ́ sórí 134a, ìwé tí àwọn mẹ́ta kan fi ìwọ̀n tí wọ́n kó jọ nínú òtútù Halley kọ wà lára ohun tó fà á. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ojú ọjọ́ sì ti sọ pé ìbòrí náà ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, pé ti Antákítíkà lè padà sí bó ṣe wà lọ́dún 1980 ní nǹkan bí ọdún 2066.

Ọ̀rọ̀ òkun ló ṣẹ́kù, òun ló sì wúwo jù. Láti ọdún 2018 ni àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti para pọ̀ ṣèwádìí òkìtì yìnyín Thwaites ní ìwọ̀-oòrùn Antákítíkà. Òkìtì kan ṣoṣo yìí fẹ̀ tó Ìpínlẹ̀ Ògùn mọ́kànlá. Ó ń wọ́ díẹ̀díẹ̀ lọ sínú òkun, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sì ń jẹ ẹ́ lábẹ́. Wọ́n gbẹ́ ihò, wọ́n ti ẹ̀rọ tó ń wẹ̀ bí ẹja wọ abẹ́ yìnyín, wọ́n rí ibi tó ti ń ya. Bí Thwaites nìkan bá lọ tán, òkun yóò fi bí 65 sẹ̀ǹtímítà ga sí i. Ẹni tó bá bèèrè pé báwo ni yìnyín tó ti wà nítòsí òkun tẹ́lẹ̀ ṣe lè mú òkun ga, kí ó bu omi sínú ife, kí ó fi yìnyín sí i títí ife yóò fi kún dé etí. Bí yìnyín tó ń léfòó nínú ife náà bá yọ́, omi kò ní í dànù. Ṣùgbọ́n bí a bá tún mú yìnyín mìíràn láti ìta jù sí i, omi á kún àkúnwọ́sílẹ̀. Yìnyín orí ilẹ̀ ni ti ìta yẹn.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Òkìtì yìnyín tó tóbi tó ti Greenland ní agbára tó fi ń fa omi òkun mọ́ra. Bó ṣe ń yọ́, agbára yẹn ń dín kù, omi tó ti fà mọ́ra á sì lọ sí ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà, òkun a máa lọ sílẹ̀ létí Greenland fúnra rẹ̀, á sì ga ju ìwọ̀n àpapọ̀ lọ ní agbègbè olóoru. A jẹ́ pé àwa tí a kò rí òkìtì yìnyín rí ni yóò gba ìpín tó pọ̀ jù nínú omi rẹ̀.

Kí a sọ òótọ́, kì í ṣe gbogbo ibi tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀ Yorùbá ni yìnyín fà. Ní Èkó, ògiri òkúta tí ìjọba òyìnbó kọ́ sẹ́nu ọ̀nà omi láàárín 1908 sí 1912, kí ọkọ̀ òkun lè ráyè wọlé, ló dí iyanrìn lọ́nà, tí Bar Beach fi bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Ní Ayétòrò ní Ìlàjẹ, tí àwọn Àpọ́sítélì tẹ̀ dó lọ́dún 1947, òkun ti gbé ilé àti òpópónà lọ, ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ tó ń rì sì wà lára ohun tó fà á. Ìpínlẹ̀ Ògùn náà ní etíkun tirẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside àti ní erékùṣù Tongeji létí ààlà Benin. Ṣùgbọ́n ibi tí ilẹ̀ ti ń sá, tí òkun tún wá ń ga, ọ̀rọ̀ náà á di méjì fún aláìní.

Rẹ́mọ kò sí létí òkun, ṣùgbọ́n ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn gba Ṣágámù àti Ògèrè kọjá. Ọ̀nà yìí ni àwọn tí ilẹ̀ há mọ́ l'Ékòó ń tọ̀ wá ra ilẹ̀. Bí omi bá lé àwọn ará erékùṣù àti etí ọ̀sà kúrò nílé, ọ̀nà yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò gbà. Ilé-ìwé, omi ẹ̀rọ, ilé ìwòsàn àti owó ilẹ̀ ní Ṣágámù, Ìpẹru àti Ìlíṣàn yóò mọ̀ ọ́n lára. Ìjọba tó bá fẹ́ ṣètò ìlú fún ọgbọ̀n ọdún tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí àwọn onímọ̀ rí ní Thwaites.

Áfíríkà náà ní yìnyín tirẹ̀, ó sì ń tán lọ. Lọ́dún 2000, Lonnie Thompson, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Ohio State, kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ gun òkè Kilimanjaro, wọ́n sì gbẹ́ ọ̀pá yìnyín mẹ́fà. Èyí tó dàgbà jù nínú rẹ̀ ti tó nǹkan bí 11,700 ọdún. Wọ́n rí i pé láàárín 1912 sí 2000, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún yìnyín orí òkè náà ti lọ. Wọ́n rí eruku tó pọ̀ nínú ìpele tó ti tó nǹkan bí 4,000 ọdún, èyí tó fi hàn pé ọ̀dá ńlá dá nígbà náà. UNESCO sọ lọ́dún 2022 pé ó ṣeé ṣe kí yìnyín tó kù lórí àwọn òkè Áfíríkà tán kí ó tó di 2050. Ibi tí kò sí yìnyín, ẹrẹ̀ ni wọ́n ń kà. Lọ́dún 2004, wọ́n gbẹ́ ìsàlẹ̀ adágún Bosumtwi ní ilẹ̀ Aṣáńtì ní Gánà. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ fi hàn pé ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti rí ọ̀dá tó pẹ́ ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ rí. Ẹni tó ń gbin kòkó, tàbí tó ń kó obì wá sí ọjà Ṣágámù, òjò ni gbogbo òwò rẹ̀ dúró lé.

Nàìjíríà kì í ṣe àjèjì sí irú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ gbogbo ayé ya 1957 sí 1958 sọ́tọ̀ fún ìwádìí ilẹ̀ ayé, tí wọ́n sì kọ́ ibùdó sí góńgó gúúsù, Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn wà lára àwọn ibùdó agbègbè olóoru tó ń wọn ojú ọ̀run lókè réré. Lọ́dún 2003, wọ́n gbé sátẹ́láìtì NigeriaSat-1 lọ sójú ọ̀run láti Plesetsk ní Rọ́ṣíà. Lọ́dún 2011, NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X tẹ̀ lé e, àwọn ẹnjiníà ọmọ Nàìjíríà fúnra wọn ló sì fi ọwọ́ kọ́ NigeriaSat-X ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà tí wọ́n là fún àwọn sátẹ́láìtì wọ̀nyí láti máa yí ayé ká kọjá nítòsí góńgó àríwá àti ti gúúsù ní nǹkan bí ìgbà 14 lójúmọ́. Ojú wa ti dé orí yìnyín láti ìgbà yẹn.

Ohun tó kù ni ìwé àdéhùn. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 1959, ọdún kan náà tí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ tó di Yunifásítì Babcock sílẹ̀ ní Ìlíṣàn, orílẹ̀-èdè 12 buwọ́ lu Àdéhùn Antákítíkà nílùú Washington. Wọ́n fẹnu kò pé kò ní í sí ogun níbẹ̀, pé ìwádìí ni ibẹ̀ wà fún, àti pé ohun tí ẹnì kan bá rí, kí ó fi han àwọn yòókù. Gúúsù Áfíríkà nìkan ló wà níbẹ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà. Nàìjíríà kò tíì gba òmìnira. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fi ohùn líle sọ ní Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè pé kò tọ́ kí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà Gúúsù Áfíríkà máa jókòó síbẹ̀. Ẹjọ́ tó tọ́ ni wọ́n rò. Ṣùgbọ́n ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti kógbá sílé láti 1994, àwọn orílẹ̀-èdè tó ti wọ àdéhùn náà sì ti lé ní 50. Nàìjíríà kò sí nínú wọn.

Àwọn kan yóò ní: iná kò tíì dúró, ebi ń pa ará ìlú, kí la fẹ́ fi yìnyín ṣe? Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí a fi yẹ̀yẹ́ dá a lóhùn. Kò sí ẹni tó ní kí ìjọba lọ kọ́ ibùdó sí Antákítíkà. Orílẹ̀-èdè èyíkéyìí tó bá wà nínú Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè ló lè wọ àdéhùn náà, àwọn tó ń ṣe ìwádìí ńlá níbẹ̀ ló sì ní ẹ̀tọ́ láti ṣe ìpinnu, àwọn náà ló ń gbé owó ilé-iṣẹ́ àdéhùn. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lè jókòó síbi ìpàdé, kí ó gbọ́, kí ó sọ̀rọ̀, kí àwọn ọmọ rẹ̀ sì rí ọ̀nà bá àwọn mìíràn ṣiṣẹ́. Owó rẹ̀ kò tó ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ń rà fún àwọn aṣòfin. Èkó tí a kò bá gbà sílẹ̀ ní àkókò ló máa wọ́n.

Ọ̀nà tó kúrú wà nítòsí. Gúúsù Áfíríkà ní ọkọ̀ SA Agulhas II, èyí tó ń ru onímọ̀ lọ sí ibùdó wọn lórí yìnyín lọ́dọọdún. Inú ọkọ̀ yìí ni wọ́n wà tí wọ́n fi rí Endurance, ọkọ̀ tí arìnrìn-àjò Shackleton gbé lọ sí Antákítíkà, tó sì rì lọ́dún 1915, nísàlẹ̀ òkun Weddell ní oṣù Kẹta ọdún 2022. Láti 2016 ni wọ́n sì ti ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sínú rẹ̀ lọ kẹ́kọ̀ọ́ lójú òkun.

Ìwé ìròyìn yìí ń ké sí ìjọba àpapọ̀ pé kí ó buwọ́ lu Àdéhùn Antákítíkà, kí ó sì ní kí ilé-iṣẹ́ sátẹ́láìtì, àjọ ojú ọjọ́ NiMet àti ilé-iṣẹ́ ìwádìí òkun tó wà l'Ékòó jọ yan àwọn tí yóò máa bójú tó o. Kí Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ àti Babcock wá àyè fún akẹ́kọ̀ọ́ wọn nínú ọkọ̀ Gúúsù Áfíríkà, kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn sì ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún un. Kí àwọn olùkọ́ jọ́gíráfì ní Rẹ́mọ kó ọmọ ilé-ìwé lọ wo ìkarahun inú òkúta Ṣágámù, kí wọ́n sì sọ fún wọn ibi tí òkun náà lọ.

Ìjọba Amẹ́ríkà ló ń tọ́jú ìwé àdéhùn náà. Lẹ́tà kan láti Àbújá ló máa fi orúkọ Nàìjíríà kún un. Kí àwọn aṣòfin tí Rẹ́mọ rán lọ sí Àbújá bi ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè léèrè ọjọ́ tí wọn yóò kọ lẹ́tà náà, kí wọ́n sì mú èsì wá fún àwọn tó dìbò yàn wọ́n.